Nọ́ńbà Tuntun Tí Mo Kọ Fún Ìyá Ọkọ Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá tún pè mí ní ìyàwó rere nínú agbo ilé yìí, n kò mọ ohun tí n ó ṣe fún un. Ó lè jẹ́ ẹkún ni n ó bú sí, ó sì lè jẹ́ pé n ó ní kí ẹni náà gbẹ́nu rẹ̀ dákẹ́. Ìyàwó rere! Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí à ń sin ọmọ àbúrò ọkọ mi lọ sílé ọkọ, àgbà obìnrin ilé kan fà mí lọ́wọ́ síwájú gbogbo èrò. Ó ní kí ọmọ náà wò mí dáadáa, kó máa ṣe bí mo ṣe ń ṣe, pé láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé àwọn, kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ìyá ọkọ mi lẹ́nu mi rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo fara ti ògiri, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi yẹn gan-an ló pa ìyá ọkọ mi. Obìnrin mìíràn ni gbogbo ilé gbà pé ó pa á. Obìnrin náà wà láàyè, ó ń jìyà ohun tí kò ṣe. Ọdún méje rèé tí mo ti mọ̀, tí mo sì panu mọ́.

Akọ̀wé ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Òkè-Ògùn wa níbí. N kò ní dárúkọ ìlú náà, ẹ jọ̀ọ́, nítorí pé kò sí ohun tí ilé ìwòsàn ṣe, èmi ni mo ṣe é. Ìdí fèrèsé kékeré kan ni mo máa ń jókòó sí, níbi tí gbogbo aláìsàn ti ń gba káàdì kí wọ́n tó lọ rí dókítà. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wá, a ó ṣí fáìlì fún un, a ó kọ nọ́ńbà sára fáìlì náà, a ó sì kọ nọ́ńbà kan náà sára káàdì pélébé tí yóò mú lọ sílé. Ọ̀dọ̀ wa ni fáìlì ń gbé. Gbogbo àìsàn tó bá ṣe ẹni náà, gbogbo abẹ́rẹ́ àti oògùn tó bá gbà, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bó bá tún padà wá, káàdì pélébé yẹn ni yóò nà sí mi, n ó wo nọ́ńbà, n ó sì lọ fa fáìlì rẹ̀ yọ. Ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà, àlejò ni lójú wa, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn yẹn ni wọ́n ti bí i. Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ bí mo ṣe ń fi í yangàn láyé ìgbà náà. Bí mo bá ti wọ aṣọ funfun mi, tí mo ki bírò bọ irun, ọba obìnrin ni mo rò pé mo jẹ́.

Tíṣà ni ọkọ mi. Òun ni tíṣà àkọ́kọ́ nínú agbo ilé wọn, nítorí náà Ìyá Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pe ìyá rẹ̀. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni wọ́n gbé ọkọ mi lọ kọ́ni nígbà náà, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé, yóò sì tún lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Èmi àti Ìyá Tíṣà la jọ ń gbélé, àti Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì tí bàbá ọkọ mi fẹ́. Ọmọ Tẹ̀dé ni Ìyá Kékeré, Ọlọ́run kò fún un ní ọmọ tó dúró, bàbá ọkọ mi sì ti kú kí n tó dé. Ẹ ó máa rò pé orogún ni wọ́n, wọn ò ní rẹ́. Wọ́n rẹ́ o! Wọ́n jọ ń lọ sóko iṣu, wọ́n jọ ń lọ kórè ọkà bàbà, bí ọ̀kan bá pẹ́ lọ́jà, èkejì á máa yọjú sọ́nà. Ìyá Kékeré ló gbé ọkọ mi pọ̀n nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹ̀kọ gbígbóná tó máa ń sè ló sì fi tọ́ ọ dàgbà. Kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀kọ ọ́ sè bíi tirẹ̀ ní àdúgbò wa. Ní ti Ìyá Tíṣà, ó fẹ́ràn mi kọjá ohun tó tọ́ sí mi. Bó bá ti oko dé, iṣu tó tóbi jù nínú agbọ̀n rẹ̀, tèmi ni. Lọ́jọ́ ọjà, ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú ilé ìwòsàn kọjá, á nawọ́ sí fèrèsé mi, á sọ fún àwọn tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀ pé, "Ìyàwó mi rèé o! Òun ló ń tọ́jú ìwé gbogbo yín!"

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í dárúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ. Àní ọmọ tí kò ì tíì máa rìn lọ́jọ́ tí mo wọlé, mo gbọ́dọ̀ fún un lórúkọ tèmi ni. Mo ní Adúmáadán, mo ní Ìdílẹ̀kẹ̀, mo ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ti sanra báyìí tí orúkọ náà sì ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín. Ní ti ìyá ọkọ mi, Ìyá ni mo ń pè é, kò sí òmíràn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wà nílé wọn, n kò mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kó o jáde. Ìyá Kékeré kì í pe orúkọ ìyáálé rẹ̀, àwọn ọmọ ń pè é ní Ìyá, ìlú ń pè é ní Ìyá Tíṣà. Níbo ni n ó ti gbọ́ ọ? Èmi náà kò sì bèèrè. Kí ìyàwó ilé máa wádìí orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ kiri, kí ni wọn ò ní sọ pé ó fẹ́ fi orúkọ náà ṣe?

Nígbà tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ wa àtijọ́ sí mẹ́ta, tí àwa bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá yìí kó fáìlì tuntun dání, ó ní ká pa gbogbo nọ́ńbà àtijọ́ tì, ká bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Gbogbo ìlú la kéde fún pé kí wọ́n mú káàdì pélébé wọn wá fún pàṣípààrọ̀. Ẹni tó bá mú káàdì wá, a ó fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wá fáìlì àtijọ́, a ó kó gbogbo ìwé inú rẹ̀ sínú tuntun, a ó wá fún un ní nọ́ńbà tuntun. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá ti sọ nù, yóò sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ìlú tí wọ́n ti bí i, a ó wá a nínú rẹ́jísítà ńlá àtijọ́ títí a ó fi rí nọ́ńbà rẹ̀. Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n kò le. Ọ̀gá tún kìlọ̀ fún wa pé ká má ṣí fáìlì òfìfo fún ẹni tó ti ní ti tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ara ẹni náà má baà wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i mọ́. Mo gbọ́ ọ, mo sì fi í kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà lábẹ́ mi.

Lọ́jọ́ tí àwọn ìyá mi méjèèjì wá, èrò ti kún dé abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lójúde. Ojú mi kò gbà á kí Ìyá Tíṣà máa tò nínú oòrùn pẹ̀lú àwọn yòókù. Mo ránṣẹ́ pè wọ́n gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo fún wọn ní àga nínú ọ́fíìsì níbi tí gbogbo èrò ti lè máa wò wọ́n. Inú Ìyá Tíṣà dùn, ó ń tún gèlè ṣe. Ìyá Kékeré na káàdì tirẹ̀ sí mi, mo wá fáìlì rẹ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀, ó parí. Ó wá kan Ìyá Tíṣà. Ó tú kókó aṣọ rẹ̀, ó mú káàdì yọ, ikán ti jẹ ẹ́. Ahéré oko ló fi í sí, ikán sì ti jẹ gbogbo apá ibi tí nọ́ńbà àti orúkọ wà. Mo mú bírò dání. Mo wò ó, òun náà ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń gbọ́, àwọn èrò ń wo ojú fèrèsé. Ṣé kí n wá la ẹnu kí n sọ fún ìyá ọkọ mi pé, "Kí lorúkọ yín?" Ẹnu mi ò gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbi yìí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà wà. Àwọn obìnrin tó bá mú ìyá ọkọ wọn wá, èmi fúnra mi ni mo máa ń bá wọn bi ìyá náà léèrè, tí ìyàwó á ti sáré bọ́ síta. Mo lè pe ẹnì kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kó wá bá mi bi í. Mo lè ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀ nígbà tí ọkọ mi bá dé. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé, èmi wo? Èmi tí ó ń fi mí yangàn fún gbogbo ìlú, kí n wá sọ pé n kò lè ṣe káàdì kan fún un? Mo fa fáìlì òfìfo kan yọ. Níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, mo kọ "Màmá", mo fi orúkọ ìdílé ọkọ mi tẹ̀lé e. Mo kọ nọ́ńbà tuntun sí i. Ó kéré tán, ọwọ́ mi dára nínú ìwé kíkọ. Ìyá Kékeré tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló yọ ọrùn wò mí.

"Ìyàwó," ó ní, "ìwé àtijọ́ ńkọ́? Dókítà ìgbà yẹn ní ká má jẹ̀ẹ́ kó sọ nù o. Ó ní nǹkan tó kọ síbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín sí i. "Ìyá Kékeré, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ṣiṣẹ́ akọ̀wé. Ṣé mo ń bá yín dá sí ẹ̀kọ yín ni?"

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Ìyá Kékeré náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní mo ti gbọ́n jù fún òun. Ìyá Tíṣà wé káàdì tuntun rẹ̀ mọ́ inú kókó aṣọ, ó ń súre fún mi títí wọ́n fi jáde. Mo rántí pé mo sọ fún ara mi pé n ó wá fáìlì àtijọ́ náà bó bá yá, nígbà tí èrò bá dínkù. Èrò dínkù lóòótọ́. N kò wá a.

Nígbà tí wọ́n ń kọ ebè lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Tíṣà, ó ṣá a lẹ́sẹ̀. Ó fi ewé dì í, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a ó fi mọ̀, ẹsẹ̀ náà ti wú dé orúnkún, ara rẹ̀ sì gbóná janjan. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè. Kò tò, kò dúró. Èmi ni mo fa fáìlì tuntun náà yọ tí mo gbé e fún nọ́ọ̀sì, mo sì padà sí ìdí fèrèsé mi, ọkàn mi balẹ̀ pé ó ti dé ibi tó yẹ kó dé. Ìyá Kékeré kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó se ẹ̀kọ, ó gbé e wá nínú abọ́ tó ní ọmọrí, ó fi ṣíbí bu ú sí ìyáálé rẹ̀ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó mu ún dé ìdajì. Nọ́ọ̀sì dé, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó bọ́ sọ́dọ̀ aláìsàn tó kàn. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ igbe. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, ojú Ìyá Tíṣà ti wú débi pé n kò rí ẹyinjú rẹ̀ mọ́, ètè rẹ̀ ti wú, ara rẹ̀ lé kúlúkúlú, ọ̀fun rẹ̀ sì ń dún bó ṣe ń wá èémí. Dókítà ti lọ sí Ṣakí lọ́jọ́ náà. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ohun tí wọ́n mọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń tẹ̀ ẹ́, kò lè sọ̀rọ̀. Kí oòrùn tó kan orí, ìyá mi ti lọ.

Nọ́ọ̀sì tó gún un lábẹ́rẹ́ náà pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọbìnrin ni, kò tíì pẹ́ tó parí ẹ̀kọ́, ó ń sunkún. Ó ní, "Àǹtí, mo bi wọ́n léèrè kí n tó gún wọn. Mo ní ṣé abẹ́rẹ́ kankan kì í bá wọn lára jà? Wọ́n ní ó wà nínú ìwé àwọn, pé ìyàwó àwọn ló ń tọ́jú ìwé náà. Mo wo ìwé yín, n kò rí nǹkan kan." Mo ní kó má sunkún. Mo ní àkókò ìyá ló pé. N kò sọ fún un pé ìwé tó wò yẹn, òfìfo ni. Kí ọdún tó parí, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ síbòmíràn, n kò sì tún fojú kàn án mọ́.

Ọjọ́ kejì la sin ín. Níbi ibojì ni pásítọ̀ ti ṣí ìwé rẹ̀, tó sì kà á jáde pé à ń dá ara arábìnrin wa padà fún ilẹ̀, Dọ́káàsì Ọyáyẹmí, ọmọ Ọdẹ́wálé, ará Ìlua. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo kọ́kọ́ fẹ́ di etí, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Ẹ ò rí ayé mi! Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo èèyàn. Mo ṣí rẹ́jísítà àtijọ́. Ọyáyẹmí, ọmọ Ọdẹ́wálé, Ìlua. N kò ṣí ju ojú ìwé mẹ́rin lọ tí mo fi rí i, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbangba. Mo lọ sí yàrá tí a kó àwọn fáìlì àtijọ́ sí, mo tú okùn, mo fà á yọ. Wọ́n ti fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀, lẹ́tà ńláńlá. Èdè òyìnbó ni, ó sì yé mi dáadáa: abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa obìnrin yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gún un fún un mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku. Nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn yòókù ń bọ̀, mo ki fáìlì náà bọ inú àpò mi, mo gbé e lọ sílé, ó sì wà lọ́wọ́ mi títí di òní.

Ká ní mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ì bá kàn jẹ́ àṣìṣe ni. Wọn ì bá bú mi, bóyá wọn ì bá lé mi lẹ́nu iṣẹ́, bóyá ọkọ mi ì bá lé mi lọ pàápàá. Ṣùgbọ́n kí n tó gbọ́n, ọ̀rọ̀ ti ń jà nílé. Wọ́n ní ta ló rí irú ikú yẹn rí? Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí ẹnu àti ọ̀fun rẹ̀ wá wú! Wọ́n ní gbogbo àwọn tó gba abẹ́rẹ́ kan náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló dìde tí wọ́n sì lọ sílé wọn. Kí wá ni Ìyá Tíṣà nìkan jẹ tí àwọn yòókù kò jẹ? Ẹ̀kọ! Ta ló sè é? Àgàn tó ń fi ojú burúkú wo ọmọ orogún rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá! Ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń yí padà. Àwọn kan náà tó máa ń fi abọ́ tọrọ ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n jókòó sí ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ńlá, olórí ẹbí, àwọn ọmọkùnrin ilé, àwọn obìnrin ilé, àti ọkọ mi tí kò lè gbé ojú sókè. Ìyá Kékeré kúnlẹ̀ láàárín wọn. Ó búra títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó wá yí ojú sí mi níbi tí mo jókòó sí láàárín àwọn ìyàwó ilé.

"Ìyàwó," ó ní, "èmi ò kàwé, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ìwé àtijọ́ tí mo ní kí o wá lọ́jọ́sí, ṣé ó wà níwájú nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà?"

Gbogbo ilé wò mí. Ọkọ mi gbójú sókè, ó wò mí. Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Ìyá Kékeré."

Ó ní, "Bó bá wà níbẹ̀, kò sí ohun tí mo tún fẹ́ sọ mọ́." Kò bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbà mí gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó gbà mí gbọ́ nígbà tí gbogbo ilé kò gba òun gbọ́. Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti gbé igbá ẹrù kan rù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó lè dágbére fún ọkọ mi tó gbé pọ̀n. Ọkọ mi kọ ẹ̀yìn sí i. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Tẹ̀dé ló wọ̀, kò sì tẹ ilé wa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ lè bi mí pé, báwo ni mo ṣe ń sùn? Mo ń sùn. Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù nípa ara mi. Mo ń sùn, mo ń jẹun, mo bí ọmọ méjì sí i, wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ mi sọ fún mi nígbà kan pé ọpẹ́ ló yẹ kí òun máa dá pé mo ti tọ́jú ìyá òun dé ojú ikú. Mo dá a lóhùn pé kò tọ́ ọpẹ́. Lóòótọ́, kò tọ́.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo pinnu pé n ó lọ sọ ọ́ fún Ìyá Kékeré fúnra rẹ̀. Mo parọ́ fún ọkọ mi pé mo ń lọ kí ẹgbẹ́ mi kan ní Tẹ̀dé. Mo ra iyọ̀ àti ọṣẹ dání. Inú yàrá kan ní ilé bàbá rẹ̀ tó ti kú ni mo ti bá a, ó ń pa ẹ̀pà. Ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ọ̀kan ti ń ṣú. Nígbà tó dá ohùn mi mọ̀, ó dìde, ó dì mọ́ mi, ó ń pe gbogbo aládùúgbò pé kí wọ́n wá wo ìyàwó òun. Mo jókòó tì í, a jọ ń pa ẹ̀pà náà, mo ń to ọ̀rọ̀ mi pọ̀ nínú. Mo ti la ẹnu nígbà tó ṣáájú mi sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, mo ti ro ọ̀rọ̀ náà títí," ó ní. "Àgbàdo tí mo fi lọ ògì lọ́sẹ̀ yẹn, kì í ṣe ti oko wa. Tiwa ti tán. Ọwọ́ ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí ni mo ti rà á lọ́jà. Wọ́n ní àwọn kan máa ń bu oògùn kòkòrò sí àgbàdo tí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú. Mo ń kánjú, n kò fọ̀ ọ́ bí mo ṣe máa ń fọ̀ ọ́. Wọ́n kò parọ́ mọ́ mi, Ìyàwó. Èmi ni mo pa ìyáálé mi. N kò kàn mọ̀ọ́mọ̀ ni." Ó ní láti ìgbà náà, òun kì í se oúnjẹ tí ẹlòmíràn á jẹ. Bí ebi bá pa ọmọ aládùúgbò, ẹ̀pà tútù ni òun ń fún un. Ó ní òun kì í sì gba oúnjẹ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, torí ọwọ́ òun kò mọ́.

Ẹ̀yin ará, kí ló yẹ kí n ṣe níbẹ̀? Mo mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń fọ́ ẹ̀pà, ó dà bíi pé bí mo bá sọ ọ́, n ó ti fi ọdún méje tó ti fi dá ara rẹ̀ lẹ́bi gún un lójú. Mo ní, "Ìyá Kékeré, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Ohun tí mo lè sọ kò ju ìyẹn lọ. Ó gbàdúrà fún mi, ó sin mí dé ibùdókọ̀, ó sì dúró títí ọkọ̀ wa fi gbéra. Wọ́n ti wá sọ fún wa lóṣù yìí pé ara rẹ̀ kò yá, pé kò jẹun dáadáa mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ yìí kí n lè bi yín pé kí ni kí n ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn bóyá ọkọ mi ni n ó kọ́kọ́ sọ fún ni, tàbí olórí ẹbí, tàbí pásítọ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí mo ti kọ ọ́ dé ibí, mo ti rí i pé ìmọ̀ràn kọ́ ni mo ń wá. Ọjọ́ ni mo ń sún síwájú, bí mo ṣe ti ń sún un láti ọdún méje yìí wá. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, mo bẹ̀ yín, ẹ bi wọ́n. Ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ tó bi wọ́n bó bá wù yín, ẹ bo ojú, ẹ pe ẹlòmíràn kó bá yín bi wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ mọ orúkọ wọn, ẹ sì kọ ọ́ síbi tó yẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń di ìwé àwọn ènìyàn mú lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má fi ìwé kankan ṣe ojú rere fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá Bọ́lá, ọkọ mi, mo mọ̀ pé ẹ ó ka èyí. Kò sí ọjọ́ Sátidé tí ẹ kì í ra ìwé ìròyìn yìí, abala yìí lẹ sì máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹ máa ń kà á sókè fún mi nígbà tí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, ẹ ó mi orí, ẹ ó ní irú obìnrin wo rèé. Èmi ni. Ẹ má dúró kà á tán fún mi. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ wọ ọkọ̀ Tẹ̀dé lónìí, kí ẹ wọlé tọ ìyá tó gbé yín pọ̀n, kí ẹ ní kó se ẹ̀kọ fún yín, kí ẹ sì mu ún lójú rẹ̀.